Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ọmọ 68, iná tí kò dájú: báwo lẹ ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ yín?

Tíṣà_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iléṣà ni mo wà, Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ SS 1. Ọmọ 68 ló wà ní kíláàsì mi. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ra láptọ́ọ̀pù kan àti pùrójẹ́kítọ̀ kan fún wa ní táàmù tó kọjá, Ọlọ́run á san án fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá àgbà ti ní òun fẹ́ máa rí ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú lẹ́sìn nóòtù gbogbo wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti iná NEPA, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ wà, àmọ́ látìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n ń tàn án fún.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹlẹgbẹ́ mi kan tó fi fídíò kọ́ni. Kíláàsì pa lọ́lọ́, inú mi dùn. Fídíò parí, ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ tó máa ń nawọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló nawọ́. Àwọn ìyókù ń sọ̀rọ̀ nípa irun òyìnbó tó wà nínú fídíò.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ásíìdì (ohun kíkan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́) àti béèsì (òdìkejì rẹ̀, bí omi eérú) ló kàn mí. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní rí báyìí?

BàbáÌlódè

Tíṣà, ẹ kú àárọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì ní tèmi, Ifẹ̀ níbí ni mo wà, àmọ́ ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé ṣọ́ọ̀kì. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé: tí agogo bá lù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, kí ni ọmọ tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, tí kì í nawọ́, yóò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tí kò lè ṣe láàárọ̀? "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tí ásíìdì jẹ́" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí mo bá gbé omi mẹ́rin tí kò mọ̀ síwájú rẹ̀, yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò sì sọ ohun tó rí tó fi yà wọ́n." Ète nìyẹn. Kò béèrè iná, kò béèrè dátà.

Ohun tó béèrè wà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Ẹ ra ìsápá pupa tí wọ́n fi ń se zobo, kì í ṣe funfun tí a fi ń se ọbẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná, kó wà níbẹ̀ títí omi náà á fi pọ́n dáadáa, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀, omi kán-ún, àti omi tí ẹ fi sẹ́ eérú èèpo kòkó, irú eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí èèpo kòkó. Ìdérí ìgò omi ni ẹ ó fi ṣe ife, sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi máa kán an. Nínú omi ọsàn, pupa ìsápá á tàn sí i. Nínú omi iyọ̀, kò sí nǹkan gúnmọ́ kan tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú kán-ún, á di àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa lọ sí àwọ̀ aró. Igbe tí wọ́n máa ké nígbà tí wọ́n bá rí i, ọ̀gá àgbà máa gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń da tíṣà láàmú. Ìsápá fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun kíkan. Tí wọ́n bá ju kán-ún díẹ̀ sínú ife zobo kíkún, ó lè má yí àwọ̀ rárá, àwọn ọmọ á sì ní irọ́ lẹ ń pa. Omi tí ẹ fẹ́ dán wò ni kó pọ̀, zobo ni kó jẹ́ ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta. Kí wọ́n sì tètè wò ó, torí àwọ̀ ewé yẹn kì í pẹ́ kó tó máa ṣá.

Ọmọ 68, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, ẹgbẹ́ 17 nìyẹn. Ẹ̀yí tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù: kí ẹnikẹ́ni tó kán ẹ̀kán kan, kí oníkálukú kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kò lè jókòó wòran mọ́. Ó ti fi nǹkan dúró.

Ọmọ_Láàgéré

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mi ò kì í ṣe tíṣà, torí náà ẹ fọwọ́ wọ́nú tí mo bá ṣì í sọ.

Mo gbà pé zobo ni kó ṣíwájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí agbára zobo parí sí. Ó lè fi hàn pé nǹkan yí padà. Kò lè fi ohun tó ń lọ nínú omi yẹn hàn. Pé H⁺, èròjà tíntìntín tó ń sọ nǹkan di ásíìdì, pọ̀ nínú omi ọsàn, pé OH⁻, ti béèsì, pọ̀ nínú omi eérú, pé tí méjèèjì bá pàdé wọ́n á di omi, ojú lásán ò rí ìyẹn. Ibẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù ti ní iṣẹ́ tí nǹkan mìíràn ò lè bá a ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń fi àwòrán tó ń rìn ṣàfihàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, PhET ni wọ́n ń pè é, Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder ló ń ṣe é láti 2002. Ó ní ti ásíìdì àti béèsì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ níbi tí dátà wà, kẹ́ ẹ wá lò ó ní kíláàsì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti tó.

Ẹ má rò pé mo kàn sọ mẹ́fà. Ẹ wo ẹ̀yìn pùrójẹ́kítọ̀ yín, wáàtì tó ń jẹ wà níbẹ̀. Àwọn tó tóbi díẹ̀ ń jẹ tó 300. Bátìrì ínfátà 12V, 100Ah, lórí ìwé, 1,200 wáàtì-wákàtí ló gbé. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, kò dáa kẹ́ ẹ lò ju ìdajì lọ, kó má baà tètè kú. Ó ku 600. Pùrójẹ́kítọ̀ yẹn á lá a tán láàárín wákàtí méjì, a ò tíì ka láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Tí tíṣà kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọ̀pọ̀ kíláàsì á jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹni méjì àbí mẹ́ta bá gbé fídíò ìṣẹ́jú 40 sí i, ó parí, ẹni tó kàn lọ́jọ́ yẹn á máa wo ògiri funfun.

Ohun mìíràn tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n á gbé Kolibri sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí iléeṣẹ́ Learning Equality ṣe fún àwọn ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò, ìwé àti ìbéèrè á wà nínú rẹ̀, yóò máa tan Wi-Fi tirẹ̀ síta, fóònù tó bá sún mọ́ ọn á rí gbogbo rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ dátà. Wáàtì bíi márùn-ún ló ń jẹ. Páwà báǹkì 10,000 mAh lè gbé e fún wákàtí mẹ́rin.

Òṣómàáló

Láàgéré, àbúrò mi, ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ! Fóònù wo ló fẹ́ sún mọ́ ọn? Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní géètì?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo máa ń tako nǹkan. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé wà nínú ẹ̀, ẹ̀kọ́ wà, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà. Èrò ńlá ni, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì ọ̀kẹ́ àìmọye ń béèrè cháájì lálaalẹ́, ó ń béèrè ẹni tó máa tún un ṣe, ó ń béèrè pé kí ìjọba tó ń bọ̀ náà fẹ́ràn ẹ̀. Ìwọ kà á.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ilẹ̀ Peru, wọ́n pín láptọ́ọ̀pù tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ, lábẹ́ ètò One Laptop per Child tí Nicholas Negroponte gbé jáde ní 2005. Báńkì Ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì ṣe àyẹ̀wò ní ilé-ìwé ìgbèríko 319, èsì jáde ní 2012: nínú ìṣirò àti èdè, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù àti ọmọ tí kò ní. Owó yẹn tó kọ́ kíláàsì mélòó?

Ọmọ_Láàgéré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ka èsì yẹn tán. Ìwádìí kan náà rí i pé àwọn ọmọ yẹn tẹ̀ síwájú díẹ̀ nínú ìdánwò ìrònú. Ohun tí wọ́n ní kò sí níbẹ̀ ni pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n á ṣe fi láptọ́ọ̀pù náà sínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n fún ọmọ ní ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ ò yí padà. Ohun tí Bàbá ń sọ látàárọ̀ náà kọ́ nìyẹn?

Ti fóònù, òótọ́ lẹ sọ. Fóònù tíṣà nìkan ni mo ní lọ́kàn, fún ìmúrasílẹ̀.

Òṣómàáló

Ọ̀rọ̀ rẹ ti ń dáa bọ̀.

Ọ̀dọ́_Òkè_Ọ̀ṣun

Mo lo Ọpọ́n Ìmọ̀ nígbà tí mo wà ní SS 2. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá inú ẹ̀ ló jẹ́ kí n múra WAEC dáadáa. Èmi kàn ní kí n sọ tèmi.

Olùkọ́Kékeré_Modákẹ́kẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Pírámárì ni èmi ń kọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé wa, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ìlú wa níbí ni iṣẹ́ ìwádìí kan ti wáyé tí gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀, tó di OAU lónìí, bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló gbọ̀wọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ; Gẹ̀ẹ́sì náà wà, àmọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn ò kù sẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ibi tí wọ́n náwó sí: kíkọ ìwé ẹ̀kọ́ tuntun ní Yorùbá, àti kíkọ́ tíṣà. Kò sí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀.

Mo mú un wá síbí torí tíṣà kẹ́mísírì wa. Tí ọmọ bá ń kọ ohun tó rò kó tó kán zobo, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ ní èdè tó fi ń ronú. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kíkọ́ ọmọ pírámárì ní èdè abínibí ní 2022, wọ́n tún fagi lé e ní 2025. Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè fagi lé èdè tí ọmọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú.

Ní tèmi, fóònù kan ni mo ní, kò sí pùrójẹ́kítọ̀. Mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ lálẹ́, ìtàn kékeré tàbí ìṣirò orí. Mo máa ń dákẹ́ láàárín, mo á ka ẹní, èjì, ẹ̀ta lọ́kàn, kí n tó sọ ìdáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ náà gan-an. Irú ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò lórí rédíò ní Nicaragua láàárín àwọn ọdún 1970: rédíò á béèrè, á dúró, kíláàsì á pariwo ìdáhùn. Mo máa gbé fóònù sínú abọ́ rọ́bà ńlá kan kí ohùn lè ròkè, á máa bá apá kan kíláàsì ṣiṣẹ́, èmi á sì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì dá lẹ́tà mọ̀. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í jẹ dátà púpọ̀, mo lè fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp, kò ní dun ẹnikẹ́ni lápò.

Torí àwọn tí kò dá lẹ́tà mọ̀ yẹn, mo máa ń pín gbogbo ọmọ sí ẹgbẹ́ ní wákàtí kan lójúmọ́, láìwo kíláàsì tí wọ́n wà: àwọn tó wà ní lẹ́tà, àwọn tó wà ní ọ̀rọ̀, àwọn tó lè ka ìpínrọ̀. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ló gbajúmọ̀ fún un. Páálí àti bírò ló ná mi.

Tíṣà_Ìjẹ̀ṣà

Abọ́ rọ́bà! Mà, ẹ ṣeun. Mo máa jí ìyẹn lò.

Oníṣirò_Ifẹ̀

Mo ti ń retí pé kẹ́nì kan dárúkọ ìta. Kíláàsì kì í ṣe inú yàrá nìkan.

Ẹ̀kọ́ lórí onígun mẹ́ta tó jọra, mi ò kì í ṣe é nínú ilé mọ́. Mo máa ń kó wọn lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Mo á ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àmọ́ ẹ sọ gíga rẹ̀ fún mi. Wọ́n á kọ́kọ́ wò mí. Tẹ́ẹ̀pù télọ̀ la mú dání. Wọ́n á wọn gíga ọmọ kan, wọ́n á wọn òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á wọn òjìji ọ̀pá náà. Ká ní ọmọ náà ga ní mítà 1.5, tí òjìji rẹ̀ jẹ́ 1.8, tí òjìji ọ̀pá jẹ́ 6.6: ẹ pín 1.5 sí 1.8, ẹ fi 6.6 sọ ọ́ di púpọ̀, 5.5 ló máa jáde. Àwọn ìwé sọ pé ọ̀pá náà lé ní mítà 5. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìdáhùn tirẹ̀ wá, wọn kì í bára mu, ìjà á bẹ̀rẹ̀: ta ló fa tẹ́ẹ̀pù dáadáa, ilẹ̀ ibo ló tẹ́jú. Ìjà yẹn ni mo wá rà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ohun tí àṣìṣe nínú wíwọ̀n jẹ́.

Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má lọ lọ́sàn-án gangan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà lórí wa gan-an níbí bí aago kan ọ̀sán bá ku díẹ̀, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìyẹn náà dáa fún ẹ̀kọ́ jíọ́gíráfì, kì í ṣe fún tèmi. Ẹ̀yin ará Iléṣà, òpó àsíá ilé-ìwé yín ti tó.

Ti ìsọdipúpọ̀ àti ìpín, ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ti ta ayò rí ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Òbí_Ìṣọ̀kùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máà bínú. Zobo dáa, òjìji dáa. Ọmọ mi máa jókòó ṣe JAMB. Láti 2015 ni JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ṣé òjìji Ọ̀rànmíyàn ló máa bá a tẹ̀ ẹ́?

Oníṣirò_Ifẹ̀

Òbí wa, ẹ̀tọ́ yín ni ẹ béèrè. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn ọmọ yẹn ju àìmọ̀ lọ. JAMB ti jẹ́ kó rọrùn: bọ́tìnì mẹ́jọ lásán lọmọ lè fi ṣe gbogbo ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máòsì. A, B, C, D fún ìdáhùn. N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti padà sínú rẹ̀ tí ó bá ti ṣèèṣì tẹ S. A máa ń ya kíbọ́ọ̀dù sórí páálí, bí lẹ́tà ṣe tò sórí ẹ̀ gan-an, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo á ka ìbéèrè, ìka á wá lẹ́tà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn kì í wo páálí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé iwájú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ibi tí N wà.

Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bọ́tìnì D dáhùn, inú orí ni wọ́n ti ń mú un wá. Ibẹ̀ ni zobo wọlé.

Òbí_Ìṣọ̀kùn

Ó ti yé mi báyìí. Ẹ bá wa ya páálí yẹn o. Mo lè ra páálí wá.

Tíṣà_Ìjẹ̀ṣà

Mo ti jókòó tì í. Ẹ bá mi wò ó.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, mo á kọ ìtumọ̀ ásíìdì àti béèsì sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á dà á kọ. Lẹ́yìn náà ìdánwò zobo ní ẹgbẹ́ 17, ìṣẹ́jú 15, wọ́n á kọ èrò wọn ná kí wọ́n tó kán an. Lẹ́yìn náà PhET ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ìbéèrè àti ìdáhùn. Iṣẹ́ ilé: kí wọ́n mú ohun mẹ́ta wá láti ilé ìdáná wọn, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n rò pé ó máa bọ́ sí.

BàbáÌlódè

Iṣẹ́ ilé yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ yí padà.

Ẹ gbé ìtumọ̀ yẹn kúrò níwájú. Tí wọ́n bá ti dà á kọ, wọ́n ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, èrò tí wọ́n máa kọ lẹ́yìn náà kì í ṣe tiwọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ ná. Kí ẹ wá bi wọ́n pé, àwọn tó sọ ìsápá di àwọ̀ ewé yìí, kí ló pa wọ́n pọ̀? Ìtumọ̀ á ti ẹnu wọn jáde, ẹ̀yin kàn máa tún un tò sójú bọ́ọ̀dù ni.

Ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn náà, àwọn olùnawọ́ ló máa jẹ ẹ́. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ pín ìwé fínnífínní, ẹ ya ojú ìwé kan sí mẹ́jọ, kò ju ojú ìwé mẹ́sàn-án lọ fún gbogbo wọn. Ìbéèrè kan: "Mo ní omi kan tí kò láwọ̀. Ìsápá di àwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Mo da omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀. Kí ni ìsápá máa ṣe, kí ló fà á?" Ẹ gbà á lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń jáde. Lálẹ́, ẹ máà máàkì rẹ̀. Ẹ kàn pín in sí òkìtì mẹ́ta: ó yé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yé e, kò yé e. Òkìtì tó bá ga jù ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èyí ni mo fẹ́ràn ju ohunkóhun tí mo ti sọ lọ, mi ò rí ẹ̀rọ tó ṣe é jù bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ kán-ún ni wọ́n da omi ọsàn sí, ó máa hó. Ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Láàgéré

Ẹ gbọ́, tí NEPA bá mú iná nígbà tí PhET ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gé páálí, kọ H⁺ sára apá kan, OH⁻ sára apá kejì. Ọmọ mẹ́wàá H⁺, ọmọ mẹ́fà OH⁻, kí wọ́n jáde síwájú, kí wọ́n máa wá ẹnìkejì. Ẹni tó bá rí ẹnìkejì ti di omi, kó lọ jókòó. Ẹ bi àwọn ìyókù pé, ta ló ṣẹ́kù, ìsápá máa ní àwọ̀ wo? Kò pé bíi ti kọ̀ǹpútà, àmọ́ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí wà níbẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ má dúró de iná.

Òṣómàáló

Àbúrò tó wá ta kọ̀ǹpútà ló ń gé páálí yìí! Mo júbà.

Tíṣà_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku ibi kan: kí ni kí n kọ sí "ohun èlò ìkọ́ni" tí ọ̀gá àgbà á fi rí ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń wá?

Olùkọ́Kékeré_Modákẹ́kẹ́

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, mà. Láptọ́ọ̀pù àti pùrójẹ́kítọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà, láti fi ohun tí ojú kò lè rí hàn. Ìsápá, eérú èèpo kòkó, ọsàn wẹ́wẹ́, kán-ún, iyọ̀. Tó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́fà kéré, ẹ pè é wá jókòó sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ fún un ní ìwé pélébé kan kí òun náà kọ èrò rẹ̀.

BàbáÌlódè

Omi eérú yẹn o, ó ń jó ojú. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ bù ú fún wọn, díẹ̀díẹ̀, kí omi tútù wà nítòsí, kí ẹni tó ń kán an má fi ọwọ́ nu ojú. Ìsápá ńkọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ sè é, tó bá sùn ó lè bà jẹ́. Kẹ́ ẹ má sì fi ṣúgà sí i rárá. Tẹ́ ẹ bá fi ṣúgà sí i, kí ẹgbẹ́ kẹta tó dé orí omi iyọ̀, wọ́n á ti mu ún tán.